Ṣé òótọ́ ni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìgbàanì fi Ìhìnrere Tọ́másì pamọ́ fún wa?

Tíṣà Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Ìsinmi, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà tó lè bá mi tú u wà níbí.

Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí a ṣe ń ka Jòhánù orí kìíní lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní òun wo fídíò kan lórí fóònù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà ní Ìhìnrere mẹ́rin inú Bíbélì kọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé Tọ́másì kọ tirẹ̀, Màríà kọ tirẹ̀, Júdásì pàápàá kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Constantine ọba Róòmù kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Niséà ní 325, wọ́n yan mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun ìyókù. Ó ní ohun tí wọ́n fi pamọ́ ni pé Jésù kò kú rárá, pé ẹ̀wọ̀n ni ara yìí jẹ́ fún ẹ̀mí, àti pé ẹni tó bá ní ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ nìkan ló máa bọ́ nínú rẹ̀.

Mo ní a ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ èsì. N kò sì fẹ́ sọ fún un pé kó má béèrè, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún èmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?

Olùkọ́ Àgbà

Ọmọ mi, o káre tí o kò pa á lẹ́nu mọ́. Ìmọ̀ Bíbélì ni mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìntì, ìbéèrè yìí sì ti kàn mí rí. Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi hàn án.

Ìpàdé Niséà kò yan ìwé kankan. Ẹ̀kọ́ Arius, tó ní ńṣe ni a dá Ọmọ Ọlọ́run, àti ọjọ́ tí a ó máa ṣe Àjíǹde, ni olórí ọ̀rọ̀ tó kó wọn jọ. Òfin 20 ni wọ́n fi sílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó to orúkọ ìwé Bíbélì. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 180, nígbà tí ó ṣì ku nǹkan bí ọdún 145 kí Niséà tó wáyé, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Irenaeus ti kọ ìwé márùn-ún láti Lugdunum, ìlú tí wọ́n ń pè ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé lónìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé Ìhìnrere mẹ́rin ni Ìjọ ní, kò lé, kò dín. Ó ní bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, bẹ́ẹ̀ ni Ìjọ ní òpó mẹ́rin. Èèyàn lè sọ pé àfiwé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti wà lọ́wọ́ àwọn ará tipẹ́, kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣà.

Wàá tún wo irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní 177, àwọn ará Lyon dìde sí àwọn Kristẹni ìlú wọn. Pothinus, bíṣọ́ọ̀bù wọn, ti lé ní ẹni 90 ọdún. Wọ́n wọ́ ọ lọ síwájú adájọ́, wọ́n lù ú, wọ́n ta á nípàá, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ẹrúbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Blandina. Wọ́n dì í sínú àwọ̀n, wọ́n jù ú síwájú akọ màlúù. Wọ́n sun òkú wọn, wọ́n sì gbá eérú rẹ̀ sínú odò Rhône, kí ìrètí àjíǹde lè pin fún wọn. Àsìkò yẹn ni àwọn ará rán Irenaeus lọ sí Róòmù pẹ̀lú lẹ́tà sí Eleutherus, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ìgbà tó padà dé ni wọ́n fi í rọ́pò Pothinus.

Ẹni tó jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n lù pa, ta ni yóò rán pé kó lọ sun ìwé ẹlòmíràn? Kò ní sójà, kò ní ọba lẹ́yìn. Kálámù àti tàdáwà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè Kò Pani

Bàbá, mo júbà. Mo gbà pé Niséà kò yan ìwé, fídíò yẹn parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹnu Irenaeus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan la fi ń gbọ́ ohun tí àwọn Gnostic, ìyẹn àwọn tó ní ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń gbani là, gbàgbọ́. Ìwé ti àwọn fúnra wọn ti dàwátì. Bí agbára kò bá sì sí lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 180, ó ti dé ọwọ́ wọn nígbà tó di 367, nígbà tí Athanasius ti Alẹkisáńdíríà kọ lẹ́tà Àjíǹde rẹ̀, tó to ìwé 27 ti Májẹ̀mú Tuntun, tó sì kìlọ̀ fún àwọn ará nípa àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀.

Ní 1945 ni wọ́n hú ìkòkò kan jáde nítòsí Nag Hammadi ní Éjíbítì, ìwé kún inú rẹ̀. Ta ló rì í mọ́lẹ̀? Kí ló ń bẹ̀rù?

Èmi kì í ṣe ọ̀tá Ìjọ o. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a máa gba ìtàn lẹ́nu ẹni tó borí nìkan.

Olùkọ́ Àgbà

Ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, àbúrò, mi ò sì ní yí i dànù. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí o dárúkọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí a lè yẹ Irenaeus wò báyìí.

Ìwé aláwọ 13 ni wọ́n rí níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú wọn jẹ́ nǹkan bí 50 ní èdè Kóptíkì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Kóptíkì ní Káírò ni wọ́n wà. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìkọ̀kọ̀ Jòhánù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi í wé ohun tí Irenaeus kọ sí apá ìparí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ tó ń ròyìn níbẹ̀ sún mọ́ ìwé yẹn pẹ́kípẹ́kí. Kò hùmọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ka ìwé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Valentinus, olùkọ́ Gnostic kan, òun sì bá àwọn kan nínú wọn sọ̀rọ̀ kí òun tó kọ ohunkóhun. Ó dárúkọ Ìhìnrere Júdásì pẹ̀lú. Ọdún 2006 ni ìwé kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn tó jáde fún gbogbo ayé kà.

Ṣé ó ṣe gbogbo wọn dáadáa? Rárá. Ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níbì kan, tó ní bí wọ́n bá lè máa hùmọ̀ orúkọ fún ẹ̀dá ọ̀run, òun náà lè pe tòun ní Elégédé àti Bàrà. Ibẹ̀ kò wù mí, torí èèyàn tó ń wá Ọlọ́run tọkàntọkàn wà láàárín wọn. Valentinus kì í ṣe òmùgọ̀. Éjíbítì ni wọ́n ti bí i, ó wá sí Róòmù ní nǹkan bí 140, ọ̀jáfáfá sì ni lẹ́nu àti lórí ìwé. Heracleon ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ àlàyé àkọ́kọ́ tí a mọ̀ lórí Ìhìnrere Jòhánù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi le. Àárín Ìjọ ni wọ́n wà, Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, wọ́n ń jẹ́wọ́ ohun tí gbogbo ìjọ ń jẹ́wọ́, wọ́n sì ń fún un ní ìtumọ̀ mìíràn lábẹ́lẹ̀.

Tíṣà Àwọn Ọ̀dọ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Kí wá ni wọ́n ń kọ́ni lábẹ́lẹ̀ yẹn? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé, torí àwọn ọmọ ni mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún.

Olùkọ́ Àgbà

Ó dára. Ti Valentinus ni mo máa sọ, torí òun ni Irenaeus bá wọ̀jà jù.

Wọ́n ní Baba kan wà lókè pátápátá tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá ọ̀run ti ń jáde ní méjì-méjì, títí wọ́n fi pé 30. Ìkẹyìn nínú wọn ni Sophia, ìyẹn Ọgbọ́n. Ó fẹ́ mọ Baba náà ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ṣubú sínú ìdààmú. Láti inú ìdààmú yẹn ni ohun gbogbo tí a ń fojú rí ti jáde: inú omijé ni omi òkun àti odò ti wá, inú ẹ̀rín ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, inú ìbànújẹ́ àti ìpayà ni ilẹ̀ tó le ti wá. Ẹni tó mọ ayé yìí, tó fi amọ̀ mọ èèyàn, ẹ̀dá kékeré kan ni, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lókè òun. Wọ́n ní àìmọ̀kan ló jẹ́ kó sọ nínú Àìsáyà pé, "Èmi ni Ọlọ́run, kò sí ẹlòmíràn."

O rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ọlọ́run Ábúráhámù, ẹni tí a ń pè ní Ẹlẹ́dàá, ti di ẹni tí kò mọ nǹkan.

Wọ́n wá pín ọmọ aráyé sí mẹ́ta. Àwọn ẹni ẹ̀mí, ìyẹn àwọn fúnra wọn, yóò là láìkùnà torí irúgbìn ọ̀run wà nínú wọn. Àwọn ẹni ọkàn ni àwọn ọmọ ìjọ lásán, irú èmi àti ìwọ, tí a ó fi ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere jìjàkadì. Àwọn ẹni erùpẹ̀ kò ní ìrètí. Olùgbàlà sì wá láti jí irúgbìn inú àwọn ẹni ẹ̀mí, kì í ṣe láti ra ara padà, torí pé ara kò ṣe é rà padà.

Marcion tiẹ̀ lọ sọ́nà mìíràn. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ará Sínópè létí Òkun Dúdú. Ó fún ìjọ Róòmù ní 200,000 owó ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run Májẹ̀mú Láéláé kì í ṣe Baba Jésù, wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní 144, wọ́n sì dá gbogbo owó náà padà fún un. Mo máa ń ronú sí owó yẹn. Owó ńlá ni, síbẹ̀ wọ́n kà á padà fún un títí kan kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. N kì í ṣe onímọ̀ ìtàn, ọmọ títẹ́wọ́ gbà ni iṣẹ́ mi. Ọdún 31 ni mo fi ṣe agbẹ̀bí.

Nígbà tí mo ka ohun tí Bàbá kọ, pé wọ́n ní ẹ̀dá aláìmọ̀kan ló mọ ara, ọwọ́ mi gbọ̀n. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí? Ọ̀rá funfun máa ń bò ó lára. A máa ń rọra nù ún, kì í ṣe kí a há a, torí oore ni fún awọ ọmọ. Okùn ìwọ́ rẹ̀ á ti ń lù wìnnìwìnnì bí a bá fi ìka méjì kàn án ní ìdí. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ á ti hù, kékeré bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ni mo máa ń sọ pé, "Ẹlẹ́dàá, o ṣe é." Mi ò sọ ọ́ bí àṣà. Mo sọ ọ́ torí mo rí i.

Ọmọ tó kú sí mi lọ́wọ́ náà wà. Mo wẹ̀ ẹ́, mo wọ aṣọ fún un, mo gbé e fún ìyá rẹ̀ kó gbé e mọ́ra. Bí ara bá jẹ́ àkísà tí ẹ̀mí bọ́ sílẹ̀, kí ni a ń wẹ̀ nígbà náà?

Ìyá ìyá mi kò mọ̀wé rárá. Ṣùgbọ́n ó mọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ sórí láti "Mo gba Ọlọ́run Baba Olódùmarè gbọ́, Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé" títí dé "àjíǹde ara àti ìyè àìnípẹ̀kun." N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn ìjà lẹ́yìn. Bàbá, ṣé torí èyí ni wọ́n ṣe fi "Ẹlẹ́dàá" síbẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ìyè. Bí Ìjẹ́wọ́ náà ṣe wà lónìí, ẹ̀yìn Irenaeus ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ti wà nínú ìwé rẹ̀, ó ń pè é ní ìlànà òtítọ́ tí èèyàn gbà nígbà ìrìbọmi: Ọlọ́run kan, Baba Olódùmarè, tó dá ọ̀run òun ayé òun òkun, Kristi Jésù kan, Ọmọ Ọlọ́run, tó di ara fún ìgbàlà wa, Ẹ̀mí Mímọ́, àti àjíǹde gbogbo ara. Ó ní ìlànà yìí ni ọmọ ìjọ yóò fi mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tún ọ̀rọ̀ Bíbélì tò lọ́nà mìíràn.

Ohun tí ẹ sọ nípa ìyá yín àgbà sì wà níbẹ̀ gan-an. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló wà tí wọ́n gba Kristi gbọ́ láìsí ìwé àti tàdáwà, Ẹ̀mí ló kọ ìgbàlà sí ọkàn wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èdè wọn sọ ẹ̀kọ́ àwọn Gnostic fún wọn, ó ní ńṣe ni wọ́n á di etí, wọ́n á sá lọ. Àárín àwọn Kẹ́ltì, ẹ̀yà tó wà ní àgbègbè Lyon nígbà náà, ló ń gbé nígbà tó ń kọ ọ́, èdè wọn ló sì ń sọ lójoojúmọ́, débi tó fi bẹ àwọn tó máa kà á pé kí wọ́n má retí Gíríìkì ológe lọ́wọ́ òun.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Ìjọ

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti Màmá. Kí Irenaeus tó dáyé ni ìjà nípa ara ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ Jòhánù sọ pé gbogbo ẹ̀mí tó bá jẹ́wọ́ pé Jésù Kristi wá nínú ara, ti Ọlọ́run ni. Àwọn kan ti ń sọ nígbà yẹn pé ó kàn dà bí ẹni pé ó ní ara ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, wọ́n de Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, sójà mẹ́wàá sì ń kó o lọ sí Róòmù kí ẹranko lè pa á jẹ. Ó pe àwọn sójà náà ní àmọ̀tẹ́kùn mẹ́wàá. Lójú ọ̀nà yẹn ló ti ń kọ lẹ́tà, gbólóhùn kan ló sì ń tẹ̀ mọ́ni létí nínú rẹ̀: ní òtítọ́. A bí i ní òtítọ́, ó jẹ ó sì mu, a kàn án mọ́ àgbélébùú ní òtítọ́, ó jí dìde ní òtítọ́. Ó wá béèrè pé bó bá jẹ́ pé ìrísí lásán ni Olúwa fi jìyà, kí ló dé tí òun wà nínú ẹ̀wọ̀n? Kí ló dé tí òun ń lọ bá ẹranko jà? Ara tirẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà ya ló fi ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà mìíràn wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Irenaeus kọ ọ́ sí Florinus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti gba ẹ̀kọ́ Valentinus. Ọmọdé ni Irenaeus nígbà tó rí Florinus lọ́dọ̀ Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, ní Éṣíà, ìyẹn apá ibi tí Turkey wà lónìí. Kò bú u. Ó ní, mo rántí ìgbà yẹn ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ lọ. Mo rántí ibi tí Polycarp alábùkún máa ń jókòó sí, bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe ń sọ fún wa nípa Jòhánù àti àwọn mìíràn tó rí Olúwa. Ó ní orí ìwé kọ́ ni òun kọ ọ́ sí, inú ọkàn ni. Bí alàgbà yẹn bá gbọ́ ohun tí ìwọ Florinus ń sọ yìí, ńṣe ni ì bá di etí, tí ì bá ké pé, "Ọlọ́run rere, irú àkókò wo lo dá mi sí di!"

Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó: Jòhánù, Polycarp, Irenaeus. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà láàárín. Ibẹ̀ ni agbára ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ó ní bí àwọn Àpọ́sítélì bá ní àṣírí kan tí wọ́n fẹ́ fi fún àwọn ẹni pípé nìkan, àwọn tí wọ́n fi ìjọ síkàáwọ́ wọn ni wọn ì bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó sì to orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù láti Linus dé Eleutherus, méjìlá, kí ẹnikẹ́ni lè lọ béèrè. Gbangba ni wọ́n ti ń kọ́ni.

Ìbéèrè Kò Pani

Lẹ́tà sí Florinus yẹn mú mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ nínú Kọ́ríńtì Kìíní 15:50 pé ara òun ẹ̀jẹ̀ kò lè jogún ìjọba Ọlọ́run. Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn Gnostic ń sọ náà nìyẹn?

Olùkọ́ Àgbà

Ẹsẹ gan-an tí wọ́n ń fà yọ nìyẹn! Irenaeus sọ ọ́ nínú ìwé karùn-ún pé gbogbo wọn ló ń lò ó láti fi hàn pé ara kò ní là. Ó ní kí a ka ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Ara tí kò ní Ẹ̀mí Ọlọ́run nínú ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Ó fi igi ólífì ìgbẹ́ ṣàkàwé: bí a bá lọ́ ọ mọ́ igi ólífì rere, èso rẹ̀ á yí padà, igi náà ṣì ni igi. Ó tún ní, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ dáadáa, ara kì í jogún, ńṣe ni a ń jogún rẹ̀. Ẹ̀mí ló ń gba ara bí ìní. Ẹsẹ 53 sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ pé ara ìdíbàjẹ́ *yìí* ní láti gbé àìdíbàjẹ́ wọ̀. Aṣọ la pààrọ̀, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò yí padà.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ibi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó bi wọ́n pé: àkàrà tó ti inú ilẹ̀ hù, wáìnì tó ti ara àjàrà jáde, ẹ ń mú wọn wá síwájú Ọlọ́run, ẹ ní ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa ni wọ́n, òun ni ẹ sì fi ń bọ́ ara yín. Báwo ni ẹ ṣe wá ń sọ pé ara tí a fi í bọ́ kò lè gba ìyè? Ó ní kí wọ́n yí èrò wọn padà, tàbí kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi nǹkan wọ̀nyẹn rúbọ.

Ọmọ Aládùúrà

Àlàáfíà fún gbogbo ilé. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀ láti béèrè èyí. Ní ìjọ tiwa, a ń ríran, a ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti bú wa pé ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni, pé irú Gnostic yẹn ni wá. Ṣé Irenaeus ta ko ìran?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Ìjọ

Má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n mi tàbí àbúrò. Kò ta kò ó. Ó kọ ọ́ nínú ìwé kejì pé nígbà tòun, àwọn ará ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, àwọn kan ń ríran, wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn tí ara rẹ̀ ń yá. Ó ní ọ̀fẹ́ ni Ìjọ gbà á, ọ̀fẹ́ ló sì ń fi í fúnni, kò gba owó, kò pọfọ̀.

Ẹni tó ta kò ni irú Marcus, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Valentinus. Ọkùnrin yìí máa ń gbé ife wáìnì dání, á gbàdúrà gígùn lé e lórí, ohun inú ife á yí padà di pupa, á ní oore-ọ̀fẹ́ ń sun ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn obìnrin olówó ló ń wá kiri, á ní òun fẹ́ fún wọn ní ìpín nínú oore-ọ̀fẹ́ òun kí àwọn náà lè máa sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ní Éṣíà, díákónì kan gbà á sílé, Marcus sì gba ìyàwó rẹ̀ lọ. Àwọn ará ló ṣe wàhálà láti mú obìnrin náà padà, ó sì ń fi ẹkún jẹ́wọ́ títí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dé àgbègbè odò Rhône níbi tí Irenaeus wà, ó sì mọ àwọn obìnrin tí wọ́n bà jẹ́. Ọ̀ràn àwọn tó wà níwájú rẹ̀, tí ojú ń tì láti padà sí ìjọ, wà lára ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, bi ara yín: ṣé níwájú gbogbo ìjọ ni ẹ ti ń sọ ìran náà? Ṣé ó bá ohun tí gbogbo ìjọ ń jẹ́wọ́ mu? Ṣé wọ́n gba owó lórí rẹ̀?

Ọmọ Aládùúrà

Ìbéèrè kẹta yẹn dun mí, torí mo mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣeun. Màá gbé e lọ síwájú àwọn àgbà wa.

Tíṣà Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. A ṣe kíláàsì náà lónìí, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Olùkọ́ Àgbà ló pè mí lórí fóònù lálẹ́ Ẹtì, wọ́n sọ àkàwé Irenaeus kan fún mi. Ó ní ó dà bí ìgbà tí oníṣẹ́ ọnà fi òkúta iyebíye to àwòrán ọba tó rẹwà, tí ẹnìkan wá tú òkúta náà, tó fi wọ́n to àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ajá, tí kò sì dáa pàápàá, tó wá ń sọ fún ẹni tí kò rí ọba rí pé, "Ẹ wá wo ọba." Òkúta kan náà ni. Ọba kọ́.

Mo kó ìlẹ̀kẹ̀ mi àtijọ́ lọ, iyùn àti sẹ̀gi. Mo fi wọ́n to orí ọba pẹ̀lú adé lórí aṣọ funfun. Mo ní kí ọmọ tó béèrè ìbéèrè náà tú u, kó fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kan náà to kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó ṣe é dáadáa, ó fi iyùn ṣe ojú rẹ̀. Mo wá pe ọmọ kékeré kan láti kíláàsì kejì, mo ní, "Kí ni èyí?" Ó ní, "Ajá." Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀.

Mo ka gbólóhùn 114, tó kẹ́yìn Ìhìnrere Tọ́másì, fún wọn, torí Ìbéèrè Kò Pani sọ fún mi nínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí n má fi ìwé náà pamọ́. Níbẹ̀ ni Pétérù ti ní kí Màríà jáde láàárín àwọn torí obìnrin kò yẹ fún ìyè, tí Jésù inú ìwé náà sì dáhùn pé òun yóò sọ ọ́ di ọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Mà, Jésù inú Jòhánù kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Màríà níbi ibojì. Ó kàn pe orúkọ rẹ̀ ni."

Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó bá mi kó ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní òun ṣì fẹ́ ka Tọ́másì tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó kà á, ká jọ kà á. Ó tún béèrè bí òun ṣe lè rí lẹ́tà tí Irenaeus kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà

Eusebius ló tọ́jú rẹ̀ fún wa nínú ìwé karùn-ún ìtàn Ìjọ tó kọ. Ní kí ó wá bá mi nílé lọ́sàn-án Sátidé. Mo ní ẹ̀dà kan, etí rẹ̀ ti ń ya, ṣùgbọ́n ojú ìwé ibi tí lẹ́tà náà wà ṣì pé.